Bí ẹ̀rọ switch bá ti ẹni tó ń darí rẹ̀ mọ́ta, ọ̀nà tí wọ́n fi ń padà wọlé nìyí

Bí ènìyàn bá jáde nílé, tó fa ilẹ̀kùn pa, tó wá rántí pé inú yàrá ni kọ́kọ́rọ́ wà, yóò mọ bó ṣe máa ń rí lára ẹni tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì nígbà tó bá tẹ àṣẹ kan, tí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì dákẹ́ lójijì. Yóò tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, yóò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, kò ní í rí ìdáhùn. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́ o. Iná ń ṣẹ́jú lára rẹ̀ bó ṣe ń ṣe láti àárọ̀. Àṣẹ tí ẹni náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ló ti í mọ́ta.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Switch tí a ní lọ́kàn kì í ṣe súwíìṣì tí a fi ń tan gílóòbù. Àpótí irin pẹlẹbẹ ni, tó sábà máa ń ní ihò 8, 24 tàbí 48 níwájú, inú ihò wọ̀nyí ni wọ́n ń ki wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì bọ̀. Ní báńkì, ní ilé ìwòsàn, ní yunifásítì àti ní ọ́fíìsì ìwé ìròyìn, òun ló so kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti kámẹ́rà pọ̀ kí wọ́n lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Oríṣi méjì ló wà. Àwọn olówó pọ́ọ́kú kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti ki wáyà bọ inú wọn ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí náà wọn kò lè ti ẹnikẹ́ni mọ́ta. Èyí tó ń fa wàhálà ni oríṣi kejì, tí wọ́n fún ní àdírẹ́sì, páásíwọ́ọ̀dù àti àkọsílẹ̀ ètò tirẹ̀, kí ẹni tó ń bójú tó o lè jókòó sí ilé kejì tàbí ìlú mìíràn, kó sì máa pàṣẹ fún un láti ibẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ọ̀nà kan náà tí iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà kọjá nínú ẹ̀rọ yìí ni àṣẹ ẹni tó ń darí rẹ̀ sábà máa ń gbà wọlé. Ẹni tó bá ń tún ọ̀nà náà ṣe láti òkèèrè, orí ọ̀nà yẹn ló dúró sí tó ń gbẹ́ ẹ. Bí ọkọ́ bá ṣìnà, abẹ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò gbẹ́.

Ọ̀kan lára àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí tọ́ sí àlàyé díẹ̀. Switch kan ṣoṣo ni a lè pín sí àdúgbò àdúgbò, tí ará àdúgbò kan kò fi ní í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ní àdúgbò kejì. VLAN ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pe irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi ń dá a mọ̀, láti 1 dé 4094, gẹ́gẹ́ bí ìlànà 802.1Q tí àjọ IEEE kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1998. Ẹ̀ka ìṣirò owó lè wà ní VLAN 10, àwọn olóòtú ní 20, kí àdírẹ́sì tí wọ́n fi ń darí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ wà ní 99. Bí switch méjì bá wà ní ilé méjì, wáyà kan ṣoṣo ló lè kó gbogbo àdúgbò wọ̀nyí kọjá láàárín wọn. Trunk ni wọ́n ń pe irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ kan sì wà lẹ́nu rẹ̀, bí ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, tó sọ àdúgbò tó lè kọjá àti èyí tí kò gbọdọ̀ kọjá.

Ká ní wọ́n wá sọ fún ẹnjiníà kan pé kó fi VLAN 30 kún àwọn tó ń kọjá. Lórí ẹ̀rọ Cisco, àṣẹ tó yẹ kó tẹ̀ ni switchport trunk allowed vlan add 30. Bó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ oníléta mẹ́ta nì, add, tó tẹ switchport trunk allowed vlan 30, kò sọ fún ẹ̀ṣọ́ pé kó fi 30 kún àwọn tó wà nínú ìwé. Ohun tó sọ ni pé kí ẹ̀ṣọ́ fa ìwé àtijọ́ ya, kó kọ tuntun, kó jẹ́ 30 nìkan ni yóò máa kọjá. Lójú ẹsẹ̀, 10 dúró, 20 dúró, 99 tí òun fúnra rẹ̀ gbà wọlé náà dúró. Ẹ̀rọ kò ní í bi í pé ṣé ó dá a lójú. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé kejì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé íntánẹ́ẹ̀tì ti lọ, òun náà yóò sì mọ̀ pé ọ̀nà tí òun ì bá fi padà lọ tún un ṣe ti lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí ló ní ìtàn kan nípa add. Àwọn kan ń tijú láti sọ ọ́ ni.

Àwọn àṣìṣe yòókù kò lọ́jú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn á tẹ shutdown sórí ihò tí òun fúnra rẹ̀ gbà wọlé. Ẹlòmíràn á yí àdírẹ́sì ẹ̀rọ padà kó tó rí i pé òun ṣi nọ́ńbà kan tẹ̀. Ẹlòmíràn á ṣe òfin pé kọ̀ǹpútà báyìí báyìí nìkan ló lè wọlé, kó wá gbàgbé láti fi tirẹ̀ sí i. Èyí tó ń dunni jù ni ti ọ́fíìsì tí ẹni kan ṣoṣo tó mọ páásíwọ́ọ̀dù ti kó lọ sí òkè òkun, tí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kò sì lọ mọ́.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ìbéèrè kan ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun: ṣé ẹ ti fi àṣẹ tó bà á jẹ́ yẹn pamọ́, àbí ẹ kò tíì fi í pamọ́? Àkọsílẹ̀ ètò méjì ni ẹ̀rọ Cisco máa ń ní. Running-config ni èyí tó ń lò lọ́wọ́, bí iná bá ti lọ, ó ti pòórá nìyẹn. Startup-config ni èyí tó wà níbi tí iná kò ti lè pa á rẹ́, òun ni ẹ̀rọ máa ń kà nígbà tó bá ń jí. Bí ẹ kò bá tíì tẹ write memory, tàbí copy running-config startup-config tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, àṣìṣe yín kò tíì wọ inú ìwé.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò ju kí ẹ pe ẹnì kan tó wà nítòsí ẹ̀rọ náà lórí fóònù, kó yọ wáyà iná rẹ̀, kó ní sùúrù díẹ̀, kó sì ki í padà. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ̀rọ yóò jí pẹ̀lú ètò tó ní kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, àwọn tó ń mú iná lọ ti bá ẹnjiníà ṣe iṣẹ́ yìí láìmọ̀, láìgba kọ́bọ̀. Àmọ́ idà olójú méjì ni. Ètò tó dára tí ẹ ṣe ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn tí ẹ kò fi pamọ́ yóò bá iná kan náà lọ, àwọn tó ń lo ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ yóò sì já bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ wọn títí yóò fi jí tán. Ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó yọ wáyà.

Ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìkánjú ṣe ni títẹ bọ́tìnnì tó ń dá ẹ̀rọ padà sí ipò ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Ó ṣojú mi ní ọ́fíìsì kan tí n kò ní í dárúkọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù, ó mú ẹnu gẹ̀ǹgẹ̀ tí wọ́n fi ń de ìwé, ó tì í bọ ihò kékeré tó wà lára ẹ̀rọ, ó sì dì í mú. Nígbà tí ẹ̀rọ jí, ó wọlé wẹ́rẹ́, inú rẹ̀ dùn. Ìgbà tó wọlé tán ló rí i pé kò sí nǹkan kan nínú ilé. Gbogbo àdúgbò tí ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ti pín ti parẹ́, kò sí ẹni tó mọ ihò tó jẹ́ ti kámẹ́rà àti èyí tó jẹ́ ti kọ̀ǹpútà akápò, kò sì sí ẹ̀dà níbikíbi. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń tọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan láti yàrá dé yàrá. Páásíwọ́ọ̀dù ló ń wá, òun sì rí i. Ètò tí páásíwọ́ọ̀dù náà ń ṣọ́ ló sọ nù.

Ọ̀nà tó tọ́ ni console. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo switch ńlá ló ní ihò kan tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ yìí sí lára. Ihò yìí kò bá àwọn ihò yòókù pín ọ̀nà, kò ní àdírẹ́sì, kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ VLAN, ìdí nìyẹn tí àṣìṣe orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í fi í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wáyà pẹlẹbẹ aláwọ̀ ojú ọ̀run tó máa ń wà nínú páálí àwọn Cisco àtijọ́ ni wọ́n fi ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká. Àwọn kọ̀ǹpútà òde òní kò ní ihò onírin mẹ́sàn-án tí ẹnu kejì wáyà náà ń wọ̀ mọ́, nítorí náà ẹ ní láti ra ohun tó ń sọ ọ́ di USB. Àwọn switch kan tó dé lẹ́yìn wọn tilẹ̀ ní ihò console oní-USB fúnra wọn. HyperTerminal tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ lórí Windows XP kò bá Windows Vista wá, PuTTY ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò báyìí. Ẹ ṣètò rẹ̀ sí 9600, bit 8, láìsí parity, stop bit 1, kí ẹ sì pa flow control. Ẹ tẹ Enter. Bó bá jẹ́ pé àmì tí kò ní ìtumọ̀ ló ń dà jáde, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnìkan ti yí eré rẹ̀ kúrò ní 9600. Bí ohunkóhun kò bá jáde rárá, ẹ wo wáyà yín kí ẹ tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi.

Bí ẹ bá mọ páásíwọ́ọ̀dù, iṣẹ́ ti parí níbẹ̀. Ẹ ó wọlé, ẹ ó fi switchport trunk allowed vlan add dá 10, 20 àti 99 padà sínú ìwé ẹ̀ṣọ́, ohùn àwọn ará ilé kejì yóò sì rọlẹ̀.

Bó bá jẹ́ páásíwọ́ọ̀dù gan-an ló sọ nù, ọ̀nà kan ṣì wà tí kò ní í pa ètò run. Lórí Catalyst 2960 àti 3560 ti Cisco, bọ́tìnnì kan wà níwájú tí wọ́n ń pè ní Mode. Ẹ jẹ́ kí wáyà console wà níbẹ̀, kí ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ di Mode mú, kí ẹ sì ki iná padà láìfi bọ́tìnnì náà sílẹ̀. Ẹ ó dì í mú títí iná tí wọ́n kọ SYST sí lára yóò fi kúrò ní ṣíṣẹ́jú, tí yóò pọ́n rúsúrúsú díẹ̀, tí yóò sì wá dúró lórí àwọ̀ ewé. Nígbà náà ni kí ẹ fi í sílẹ̀. Dípò kí ẹ̀rọ náà jí tán, yóò dúró lójú oorun, yóò sì kọ switch: fún yín.

Ẹ tẹ flash_init, kó lè ṣí àpótí tí àwọn fáìlì rẹ̀ wà. Ẹ tẹ dir flash: kí ẹ fi ojú ara yín rí i pé config.text wà níbẹ̀, nítorí òun ni startup-config tí à ń sọ bọ̀. A kò ní í pa á rẹ́ o. Orúkọ rẹ̀ la ó yí padà, kí ẹ̀rọ má baà rí i: rename flash:config.text flash:config.old. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ boot. Nígbà tí ẹ̀rọ bá jí, yóò wá ìwé rẹ̀ tì, yóò rò pé ọjọ́ tí wọ́n rà á ni, yóò sì bi yín bóyá kí ó bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun. Ẹ dáhùn pé no. Ẹ tẹ enable, kò ní í béèrè páásíwọ́ọ̀dù kankan, ẹ ti di ọ̀gá nínú ilé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni ìgbésẹ̀ tó kàn. Ẹ dá orúkọ fáìlì náà padà pẹ̀lú rename flash:config.old flash:config.text, kí ẹ wá tẹ copy flash:config.text system:running-config. Gbogbo ètò àtijọ́ yóò padà, páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ kò mọ̀ náà yóò bá a padà, ṣùgbọ́n kò lè lé yín jáde nítorí inú ilé lẹ bá a. Ẹ má jáde o, ẹ fi enable secret ṣe tuntun, kí ẹ yí ti console àti ti àwọn tó ń wọlé láti òkèèrè padà pẹ̀lú. Ẹ tún wo interface VLAN tí àdírẹ́sì ẹ̀rọ wà, nítorí ó sábà máa ń wà ní pípa lẹ́yìn iṣẹ́ yìí. No shutdown ni ẹ ó fi jí i. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá tó tán ni kí ẹ tẹ write memory.

Ó ní ẹ̀rọ tí èyí kò lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ti tẹ no service password-recovery sí i tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò sọ fún yín pé bí ẹ bá fẹ́ wọlé báyìí, àfi kí ètò inú rẹ̀ parẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ní ọ̀nà tiwọn. Lára ọ̀pọ̀ ProCurve ti HP, bọ́tìnnì kékeré méjì ló wà níwájú, Reset àti Clear. Clear nìkan, páásíwọ́ọ̀dù ló ń pa rẹ́. Méjèèjì pọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìwé ìlànà rẹ̀ ṣe sọ, ètò ló ń pa rẹ́. Ẹ ka ìwé ẹ̀rọ yín kí ìka yín tó dé ibẹ̀.

Òǹkàwé tó bá fara balẹ̀ yóò ti rí i pé olè náà lè ṣe gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti tó ara switch, ti rẹ̀ ni, ìdí sì nìyẹn tó fi yẹ kí kọ́ńbọ́ọ̀dù tó wà nínú rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́, kí ẹni tí kò ni ẹ̀rọ má sì dán an wò. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ tó le jù náà ní wàhálà tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ Facebook rí i ní ọjọ́ 4, oṣù kẹwàá, ọdún 2021.

Ní nǹkan bí aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ní aago tiwa ni Facebook, Instagram àti WhatsApp dákẹ́ káàkiri ayé, tí àwọn òbí tó wà nílé níbí kò rí ọmọ wọn tó wà nílùú òyìnbó bá sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Nínú àlàyé tí ilé iṣẹ́ náà gbé jáde, wọ́n ní àwọn ń ṣe àtúnṣe tí àwọn máa ń ṣe déédéé ni, àṣẹ kan tí wọ́n fi fẹ́ yẹ agbára ọ̀nà ńlá wọn wò ló já gbogbo ibùdó kọ̀ǹpútà wọn kúrò lára ara wọn. Ẹ̀rọ ayẹ̀wò kan wà tó yẹ kó dá irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ dúró, àmọ́ àléébù inú rẹ̀ kò jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn sáfà DNS wọn náà wá fa àdírẹ́sì wọn kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Irinṣẹ́ tí àwọn ẹnjiníà fi ń ṣàtúnṣe, orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ló wà, ọ̀nà ẹ̀yìn tí wọ́n fi pamọ́ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ náà kò sì lọ. Àfi kí wọ́n rán ènìyàn lọ síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ààbò ilé náà le dé ibi pé ó gba àkókò kí wọ́n tó wọlé, wọ́n sì ti ṣe àwọn ẹ̀rọ náà lọ́nà tó jẹ́ pé ẹni tó fọwọ́ kàn wọ́n pàápàá kò lè tètè yí wọn padà. Wákàtí bíi mẹ́fà ló gbà.

Ti ilé iṣẹ́ Rogers ní Kánádà ní ọjọ́ 8, oṣù keje, ọdún 2022 tún jùyẹn lọ. Ìyípadà kan tí wọ́n ṣe sí ètò ẹ̀rọ wọn mú òfin kan tó ń sé àdírẹ́sì kúrò, ẹrù wá wọ àwọn ẹ̀rọ àárín gbùngbùn wọn lọ́rùn títí wọ́n fi ṣubú. Ó lé ní mílíọ̀nù 12 oníbàárà tó kàn, àwọn kan kò lè pe 911, káàdì ìsanwó Interac kò sì ṣiṣẹ́. Ìwádìí tí wọ́n ṣe fún CRTC, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀, fi hàn pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń darí ẹ̀rọ, orí èyí tó ṣubú yẹn ló gbára lé. Fóònù ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń lò, wọn kò lè pe ara wọn, títí wọ́n fi fi káàdì SIM ti ilé iṣẹ́ mìíràn ránṣẹ́ sí àwọn tó wà lọ́nà jíjìn.

Ọ́fíìsì kékeré kò nílò irú owó tí àwọn wọ̀nyẹn ní kó tó lè dáàbò bo ara rẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ètò sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni méjì ó kéré tán mọ ibi tí páásíwọ́ọ̀dù wà. Wáyà console kò wúlò nínú dúrọ́ọ̀ ẹni tó ti lọ fún ìsinmi, inú kọ́ńbọ́ọ̀dù ẹ̀rọ ni kí ẹ fi í sí. Fún ẹni tó sì ní láti yí ètò padà láti òkèèrè, Cisco ní àṣẹ kan tí mo rò pé àwọn tó ń lò ó kò pọ̀ tó. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ reload in 10. Ẹ̀rọ yóò máa ka ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bí ẹ bá ti ara yín mọ́ta láàárín rẹ̀, yóò pa ara rẹ̀, yóò jí padà pẹ̀lú ètò àtijọ́, bí ẹ kò bá ṣáà tíì fi tuntun pamọ́. Lórí ẹ̀rọ Juniper, commit confirmed ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà ni òun ń dúró bí ẹ kò bá sọ iye mìíràn fún un, àmọ́ òun kì í pa ẹ̀rọ, ètò nìkan ló ń dá padà.

Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ dáadáa lórí Cisco, tí ẹ ṣì rí ẹ̀rọ yín bá sọ̀rọ̀, ẹ tẹ reload cancel, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tẹ write memory. Ẹni tó bá gbàgbé reload cancel, tó dìde lọ jẹun, yóò gbọ́ ariwo àwọn òṣìṣẹ́ kó tó bu òkèlè kejì.